Omi Ẹlẹ́ja Nínú Ìgò Mẹ́ta

Sìkọ́tílándì,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, ọdún 2025.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣé ara le? Etí yẹn ńkọ́? Bí mo bá pè yín lórí fóònù, igbe ni à ń ké mọ́ra wa, ẹ ó sì máa dá mi lóhùn ohun tí n kò bi yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ ètò tí ẹ̀gbọ́n mi Oyèbísí ṣe: kí n máa kọ lẹ́tà, kí wọ́n gbé fóònù wọn fún yín kà bí wọ́n bá ti Ìlá wá sí abà ní Sátidé, kí ẹ̀yin náà fi ọwọ́ ara yín kọ èsì sínú ìwé, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín ṣì dára. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tíṣà kò tíì kúrò lára yín.

Ara mi le. Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ sí kíláàsì. Ní Sátidé, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a máa sáré gun òkè. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, a máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún kan tí òtútù rẹ̀ ń wọ egungun. Ẹ má tíì bínú. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bí mo bá ti bọ́ sínú omi yẹn tí èémí mi fẹ́ já, ọwọ́ yín ni mo máa ń rántí lábẹ́ ikùn mi nínú odò Ẹlẹ́ja, tí ẹ ń sọ pé, "Ju ẹsẹ̀! Ju ẹsẹ̀! Omi kì í mu ẹni tó ń ju ẹsẹ̀." Nígbà yẹn, ẹja ń gbá mi lẹ́sẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ja yìí gan-an ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi pé láti ìgbà tí Kọ́lájọ ti kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ sí apá òkè odò, ẹja ń kú léfòó, inú sì ń run àwọn ọmọ abà wa. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ níbí kò ju èyí náà lọ: ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́, àti ohun tí ń bà wọ́n jẹ́. Olùkọ́ wa ní ẹni tó bá lè mú omi ilé rẹ̀ wá, a ó yẹ̀ ẹ́ wò, a ó sì mọ̀ bóyá ó ṣeé mu. N kò sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́, nítorí Fọláyẹmí. Ọmọ ọdún méje péré ni. Kí ẹ má bàa dá gbé ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fi ọmọ wọn tì yín, omi Ẹlẹ́ja sì ni ẹ jọ ń mu.

Akíntúndé, ọmọ Ìlá tí a jọ wà níbí, ń bọ̀ wálé wá sin bàbá rẹ̀. Ìgò mẹ́ta ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pọn omi kún wọn níbi òkúta tí àwọn obìnrin ti ń pọn omi, kí ẹ sì dé wọn pinpin. Ó tún mú nǹkan kékeré kan bọ̀ fún Fọláyẹmí: awò tí wọ́n ń fi sójú lúwẹ̀ẹ́. Kó má tíì gbé e wọ Ẹlẹ́ja o, títí a ó fi mọ ohun tó wà nínú omi náà. Kó máa fi wo inú garawa ná.

Ọmọ yín,
Ayọ̀ọlá Àníkẹ́.


Abà Fádípẹ̀, lẹ́bàá Òkè-Ìlá,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Àníkẹ́ mi,

Ọmọ tó rìn jìnnà tí kò gbàgbé ilé, mo kí ọ. Mo kí òtútù tó ń bá ọ gbélé. Abà dára. Ọyẹ́ ti kásẹ̀, a ń wojú òjò. Akíntúndé dé, a bá a sin bàbá rẹ̀ ní Ìlá. Òkú ọjọ́ ogbó ni, a jẹ, a mu, a ò sunkún púpọ̀.

Mo sọ nínú ìjọ pé ọmọ mi ń kàwé nípa àyíká nílùú òyìnbó. Adémúyìwá, akọ̀wé ìjọ wa, bi mí pé kí ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ronú títí, n kò rí orúkọ mìíràn fún un ju wolé-wolé lọ. Wò ó, Àníkẹ́, ìwọ ni mo torí rẹ̀ ta oko kòkó ọ̀nà Ìgbájọ, kí o lè lọ sókè òkun lọ di wolé-wolé! Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ti gbọ́ pé wolé-wolé wọ Òkè-Ìlá, ìyá mi a gbé ìkòkò omi, a da gbogbo rẹ̀ sẹ́yìnkùlé tòun ti tanwíji inú rẹ̀, a sì bu omi mímọ́ láti ilé aládùúgbò dà sí i. Wolé-wolé a dé, a yọjú wo inú ìkòkò, a ní ó dára, a bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí kò bá gbọ́n bẹ́ẹ̀, ní kóòtù ni wọ́n ti máa ń ṣàlàyé. Títí ìyá mi fi kú, wolé-wolé kankan kò rí àbùkù rẹ̀.

Nítorí náà, fọkàn balẹ̀. Ìgò rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún, ọwọ́ ara mi ni mo fi dé wọn. Ojú kò ní tì ọ́ láàárín wọn.

Èyí tó dùn mí ni ti òkè gígùn. Ṣé òkè wọ́n ní Òkè-Ìlá ni? Ọmọ tí a rán níṣẹ́ ìwé, ó ń sáré lórí àpáta bí ewúrẹ́ tó já okùn. Omi tútù wá ńkọ́? Ta ni yóò se àgbo fún ọ níbẹ̀ bí òtútù bá gbé ọ dè? Ìyá rẹ ìbá wà láyé, òun ni ìbá bá ọ sọ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà dé ibi ọwọ́ mi lábẹ́ ikùn rẹ, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, kí n tó lè máa kà lọ.

Ní ti Kọ́lájọ, ọmọ wa ni, ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ síṣẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ń rùn, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n bàbá mi mu Ẹlẹ́ja, bàbá rẹ̀ náà mu ún, wọ́n sì darúgbó kí wọ́n tó kú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ kiri ti mú kí àwọn obìnrin abà máa rìn lọ pọn omi ẹ̀rọ nínú ọgbà ilé-ìwé ní Òkè-Ìlá. Wọ́n ń gun òkè lọ, wọ́n ń gun òkè bọ̀, ọrùn ń dùn wọ́n. Fọláyẹmí náà ń bá wọn lọ, kẹ́ẹ̀gì kékeré kan ló fi ń gbé tiwa wá. Mo ń mu ún kó má bàa bínú sí mi.

Awò rẹ dé ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé e sójú jẹun, ó gbé e sójú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e sójú sùn. Ó ní kí n bá òun bi ọ́ pé ìgbà wo ni òun máa wọ odò.

Bàbá rẹ,
J. Ọlátúbọ̀sún.


Sìkọ́tílándì,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú òjò o. Ẹ kú ìrètí pẹ̀lú, mo mọ̀ pé mo pẹ́. Ìdánwò ló ká mi mọ́. Ẹ forí jì mí.

Bàbá, omi wa mọ́! Èsì àyẹ̀wò jáde ní ọjọ́ Ẹtì, mo kà á, mo tún un kà. Kò sí kòkòrò àrùn nínú rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí. Olùkọ́ wa ní òun kò tíì rí omi odò tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó bi mí bóyá orí ìsun ni wọ́n ti lọ pọn ọ́n. Mo ní rárá, ibi tí gbogbo abà ti ń pọn omi ni, bàbá mi ló pọn ọ́n, tíṣà ni, kì í ṣi nǹkan ṣe. Wọ́n ní kí n dúró níwájú kíláàsì sọ ìtàn odò náà. Mo sọ ti òkúta, mo sọ ti ẹja, mo sọ ti ọwọ́ yín. Mo sunkún díẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ẹ dákun, ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kọ́lájọ, nítorí mo ti fi ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ gégùn-ún nínú ọkàn mi tó. Ẹ sọ fún àwọn obìnrin kí wọ́n yé fi ọrùn gbé omi gun òkè, kí wọ́n padà sídìí Ẹlẹ́ja. Ẹ jẹ́ kí Fọláyẹmí gbé awò rẹ̀ wọ odò. Ẹ fi ọwọ́ yín sí abẹ́ ikùn rẹ̀ bí ẹ ti ṣe fún mi.

Ìdíje eré òkè kan ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti kọ ẸLẸ́JA gàdàgbà sí ẹ̀yìn ẹ̀wù tí mo fẹ́ fi sáré. Ẹ gbàdúrà fún mi, ẹ má bú mi.

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn,
Ayọ̀ọlá Àníkẹ́.


Abà Fádípẹ̀,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Àníkẹ́, ọmọ tó gbé mi ga,

Mo kí ọ, mo kí gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọ. Bí o ṣe rí nínú eré òkè yẹn, sọ fún mi. N kò bú ọ, mo kàn ń bèèrè ni.

Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìjọ. Mo kà á láti òkè dé ilẹ̀, mo sì dúró síbi tí olùkọ́ rẹ ti ní òun kò rí irú omi bẹ́ẹ̀ rí, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n kọrin, wọ́n jó yí mi ká bí ìyàwó. Kọ́lájọ dìde, ó ní òun ti forí jì ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí obìnrin tó tún gun òkè lọ pọn omi. Ìdí òkúta ti kún fún ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín bí ti ìgbà tí ìyá rẹ wà láyé.

Wàyí o, jẹ́ kí n dá ọ lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí. Báwo ni yóò ṣe rí irú rẹ̀ rí? Omi òjò ni! Ọjọ́ tí Akíntúndé gbé ìgò wá, Ẹlẹ́ja ti fà, ojú rẹ̀ pọ́n, ewé ń jẹrà nínú rẹ̀. Mo dúró lórí òkúta, ìgò wà lọ́wọ́ mi, mo ní èyí kọ́ ni n ó fi ránṣẹ́ sáàárín àwọn òyìnbó kí wọ́n máa nàka sí ọmọ mi. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo bá padà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bu omi nínú táǹkì tí a fi ń pa omi òjò mọ́ fún àlejò. Mo sè é kó hó, mo fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo dà á sínú ìgò mẹ́ta. Ìyá mi ìbá rí mi lọ́jọ́ náà, ìbá yìn mí. Ẹlẹ́ja náà kúkú mọ́, èmi mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ojú rẹ̀ ló ń pọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò sì ti dé báyìí.

Fọláyẹmí ti mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́! Ó ń ju ẹsẹ̀ bí ìwọ gẹ́lẹ́. Ó mu omi díẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n, ta ni kò mu? Láti àná ló ti ń sọ pé inú ń run òun, ó sì ń yàgbẹ́ léraléra. Mángòrò ni. Mo ti ní kó má fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun ń gbé e lọ sí Ìlá lọ́la kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti ń kẹ́ ọmọ yẹn jù.

Bàbá rẹ,
J. Ọlátúbọ̀sún.


Sìkọ́tílándì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà.

Bàbá,

N kò kí yín, ẹ forí jì mí. Ẹ má ka lẹ́tà yìí tán kí ẹ tó dìde.

Ẹ sọ fún gbogbo abà kí wọ́n má mu omi Ẹlẹ́ja mọ́, kí wọ́n má fi fọ àwo, kí ọmọ kankan má wọ inú rẹ̀. Ẹ sáré sọ fún wọn nísinsìnyí. Inú Fọláyẹmí kì í ṣe ti mángòrò. Kí ẹ̀gbọ́n mi má dúró di ọ̀la, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. Ẹ po iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sínú omi tí ẹ ti sè, omi ẹ̀rọ ni o, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Bàbá, kì í ṣe àbùkù ni mo ń wá. Wolé-wolé kọ́ ni mí. Ohun tí ẹ ń mu ni mo fẹ́ mọ̀. Mo ti dúró níwájú ènìyàn sọ pé odò kan mọ́, odò tí n kò yẹ̀ wò. Ìyẹn kò já mọ́ nǹkan, n ó lọ sọ òtítọ́ fún olùkọ́ mi. Àwọn tó ń mu ún nítorí pé èmi ni mo ní kí wọ́n mu ún, àwọn ni mo ń rò.

Ẹ fún mi lésì lónìí. Kí ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó tó.

Ayọ̀ọlá.


Sìkọ́tílándì,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹfà.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àmì kan ṣoṣo ló ṣì wà lára lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́, kò tíì wọ fóònù ẹ̀gbọ́n mi. Mo pè wọ́n títí, wọ́n ní fóònù náà kò sí ní títàn. Akíntúndé bá mi pe àbúrò rẹ̀ ní Ìlá kó wá ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé wọn, kó sì gba abà lọ. Ó lọ, ó padà. Ó ní títì ni òun bá ilẹ̀kùn wọn, òjò sì ti gbé afárá ọ̀nà abà lọ, ọ̀kadà kankan kò kọjá.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni. Fóònù ti bọ́ sómi, tàbí kò síná. Mo ń sọ ọ́ fún ara mi láràárọ̀ kí n tó jáde. N kò sáré mọ́, n kò lọ sí adágún.

Ọmọ yín,
Ayọ̀ọlá.


Sìkọ́tílándì,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù keje.

Bàbá mi,

Ẹ kọ ohunkóhun sí mi. Ẹ tilẹ̀ bú mi nítorí òkè gígùn.

Ayọ̀ọlá.


Abà Fádípẹ̀,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje, ọdún 2025.

Ayọ̀ọlá,

Fọláyẹmí kò sí mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo kọ lẹ́tà sí ọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ pọ̀n ọ́n jáde kúrò nílé mi. Ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn. Wọ́n dé Ìlá, wọ́n fa omi sí i lára, kò gbà. Ó kú sọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Bó ti wù kí n kọ ọ́, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n ti sin ín. Wọn kò jẹ́ kí n mọ ojú oórì rẹ̀, nítorí àgbà kì í dé ibi tí a sin ọmọ sí. Mo jókòó sílé, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Awò rẹ wà lórí ẹní rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi lẹ́tà mi ránṣẹ́ tán lọ́jọ́ yẹn ni iná tán lára fóònù; lẹ́yìn ti ọsibítù, kò tàn án, kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́. Òní ló tàn án. Gbogbo lẹ́tà rẹ rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù náà lé mi lórí ẹsẹ̀, ó jáde lọ dúró sídìí igi ọsàn. Mo kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Iyọ̀ àti ṣúgà. Èmi fún un ní omi Ẹlẹ́ja mu ní gbogbo òru yẹn, nítorí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́.

Ó ju ẹsẹ̀, Ayọ̀ọlá. Mo sọ fún un pé omi kì í mu ẹni tó ń ju ẹsẹ̀, ó sì gbà mí gbọ́.

Ọmọ méjì mìíràn dùbúlẹ̀ lábà, wọ́n ti dìde. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ni. N kò tíì lè sọ ti ìgò fún ẹnikẹ́ni. Ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan ni ẹ mọ̀.

Bàbá rẹ.


Sìkọ́tílándì,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje.

Bàbá,

Mo ti sunkún títí ẹni tó ń gbé yàrá kejì fi wá kan ilẹ̀kùn. N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ kí yín. Òfò ṣe wá. Ọlọ́run nìkan ló lè tu ẹ̀gbọ́n mi nínú, nítorí èmi kò mọ ẹnu tí n ó fi pè wọ́n.

Mo bínú sí yín. Kí n parọ́ rẹ̀ fún yín kò tọ́. Mo tún bínú sí ara mi, nítorí lẹ́tà mi ni ẹ kà fún wọn. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kó gbé awò wọ odò. Olùkọ́ mi bi mí léèrè bóyá orí ìsun ni wọ́n ti pọn ọ́n. Òun ti fura. Èmi tí mo mọ Ẹlẹ́ja kò fura, torí pé ẹ̀yin ni ẹ pọn ọ́n.

Àwọn ènìyàn ṣì ń mu ún bí mo ti ń kọ èyí. Ìyẹn ni n kò lè fara dà. Ẹ ní ẹ kò tíì lè sọ ọ́. Bàbá, ta ni ojú ń tì? Ta ló kù tí à ń fi pamọ́ fún? Ẹ dìde níwájú ìjọ, kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Títí ẹ ó fi ṣe é, ẹ má kọ̀wé sí mi mọ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú omijé, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Ayọ̀ọlá.


Abà Fádípẹ̀,
Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2025.

Àníkẹ́,

Mo tún pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ ẹ mọ́, sọ fún mi, n ó gbà. Ẹ̀gbọ́n rẹ kì í wá sábà mọ́, kò sì bínú ní gbangba. Ó kàn kì í wá ni. Nítorí náà ni lẹ́tà yìí ṣe gba ọwọ́ Faith, ọmọ Adémúyìwá, tó ń bọ̀ wá kàwé lọ́dọ̀ yín níbẹ̀. Bá mi kí i dáadáa, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni.

Mo sọ ọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé lẹ́tà rẹ, mo dúró níbi tí mo ti kà á fún wọn, mo ní omi òjò ni. Wọn kò pariwo. Ìbá sàn fún mi kí wọ́n pariwo. Rẹ̀mílẹ́kún, ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó dùbúlẹ̀ nígbà náà, gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó jáde, kò sì tíì dá mi lóhùn láti ọjọ́ náà. Mo ń kí i láràárọ̀. Kò burú. Mo ti gbé ipò alàgbà tí mo dì mú nínú ìjọ sílẹ̀ fún wọn.

Gbogbo wa ti ń lọ pọn omi ẹ̀rọ ní ọgbà ilé-ìwé. Èmi náà ń lọ. Kẹ́ẹ̀gì Fọláyẹmí ni mo ń gbé, nítorí agbára mi kò ká ńlá. Bí mo bá dé ìdajì òkè, mo máa ń jókòó lórí gbòǹgbò igi kan kí ẹ̀mí mi lè wálẹ̀, àwọn ọmọdé a sì kọjá lára mi. Èmi tí mo ń bú ọ nítorí òkè gígùn!

Àwa àgbà abà lọ bá Kọ́lájọ kó kó ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí odò. Ó fún wa ní àga, ó ní, "Bàbá Tíṣà, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ka ìwé òyìnbó sí wa létí pé odò mọ́? Gbogbo wa la gbọ́ ọ o. Ẹ lọ mú ìwé mìíràn wá tó ní kò mọ́, n ó kó wọn kúrò." Àwọn tó bá mi lọ ń wo ilẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, a dìde, a padà sílé.

Nítorí náà ni mo ṣe tún wá bá ọ. Ìgò mẹ́ta ló wà nínú àpò tí Faith gbé fún ọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi òkúta fúnra mi, mo tẹ ìgò ri, mo jẹ́ kó mu omi yó. Omi náà pọ́n, ó ń rùn. Irun ẹlẹ́dẹ̀ kan wà nínú ìkejì, n kò yọ ọ́. N kò sè é, n kò sẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dé wọn tán, mo fi ọwọ́ sínú odò, síbi tí mo ti gbé ọ lé ọwọ́, síbi tí mo ti gbé òun náà lé e. Kò sí ẹja kan tó gbá mi.

Awò rẹ̀ wà nínú àpò náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí òun má tún rí i, èmi kò sì lè sọ ọ́ nù. Bá wa tọ́jú rẹ̀. Bí o bá tún padà sínú adágún yẹn lọ́jọ́ kan, n kò ní bá ọ wí.

Gbé ìgò wọ̀nyí síwájú olùkọ́ rẹ àti gbogbo àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún ọ. Jẹ́ kí wọ́n wò ó, jẹ́ kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Sọ fún wọn pé omi tí bàbá rẹ ń mu nìyí, pé ọmọ wa kan kú sí i, pé tíṣà ni ẹni tó fún un mu. Mo mọ̀ pé ojú yóò tì ọ́. Jẹ́ kó tì ọ́, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Èmi náà ni mo ń bẹ̀ ọ́ báyìí: fi ọwọ́ òsì júwe tèmi.

Bàbá rẹ,
J. Ọlátúbọ̀sún.